Imú Muhsinah àti Aṣọ Dúdú Tí Mo Rà

Mo lẹ́nu. Gbogbo Ẹ̀rúnmu ló mọ̀ pé Fàtímọ̀, ìyá Sàníù, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹni tó bá da ẹ̀gẹ́ tó ti bàjẹ́ mọ́ ti ẹlòmíì níbi tí a ti ń yan gààrí, èmi ni wọ́n máa ń ní kó wá bá a wí. Mo ti bú káńsẹ́lọ̀ rí lójú àwọn tó ń tẹ̀lé e, kò sì sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n fi ẹnu yìí ṣe nǹkan gidi, irọ́ ni mo fi pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, bóyá inú mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Muhsinah. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ló sì dàgbà sí. Mo kọ́ ọ ní gààrí yíyan títí tó fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwa yòókù máa ń tọ́ gààrí wò ká tó mọ̀ pé ó ti gbẹ. Muhsinah kì í tọ́ ọ wò. Á kàn na imú sórí agbada, á ní, "Ó kù díẹ̀." Bó bá sì ti ní ó tó, ó tó nìyẹn. Imú bàbá rẹ̀ ni, ó gùn, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú rẹ̀ á ti dé ọjà, á ti ná ọjà tán, kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ yẹn mọ ẹ̀rín ín rín, ẹ̀yin èèyàn mi.

Najeem ló fẹ́ ẹ. Pákó ló ń tà ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì mọ èèyàn kí. Tó bá dé ilé mi, ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ni. Èmi ni mo sọ pé ọmọ dáadáa ni. Ní ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, Muhsinah wá kí mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Mo ní ilẹ̀kùn wo ló ní ìka márùn-ún? Ó fa ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Èmi náà kò sì wádìí rẹ̀ síwájú. Mo ní kó ní sùúrù. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn nígbà tèmi.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ìléyá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Muhsinah ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wọn. Ọlọ́kadà tó gbé ẹ̀gẹ́ náà wá bá a ṣẹ̀fẹ̀, Muhsinah sì rẹ́rìn-ín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ o! Ọlọ́kadà ti lọ kí Najeem tó jáde wá. Ó béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Muhsinah ní kò sí nǹkan. Najeem gba ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di irun rẹ̀ mú, ó sì gé orí imú rẹ̀ kúrò, òun àti ihò imú ọ̀tún. Ó wá ní, "Ó yá, máa rẹ́rìn-ín lọ."

Nígbà tí mo sáré dé ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ, ìyá Najeem ti wà níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe béèrè pé kí ló ṣe ọmọ yìí, obìnrin náà fa ìró mi, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Ìyá Sàníù, ọ̀rọ̀ ilé ni o. Ẹ má jẹ́ ká di ẹni tí wọ́n ń fi ẹnu gbé kiri." Ojú tì mí. Mo ro ti àwọn ará ọjà, mo ro ti bí wọ́n á ṣe máa sọ pé ọmọ tí Fàtímọ̀ onígbéraga tọ́ kò rí ilé ọkọ gbé. Mo la ẹnu, mo ní, "Ó ṣubú lé ọ̀bẹ ni." Muhsinah yíjú sí mi. Wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ṣì ń rí ẹyinjú yẹn dòní.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Ọlọ́runṣògo ni mo fi í pamọ́ sí kí ojú egbò tó jiná. Fún àwọn ará Ẹ̀rúnmu, mo ní ó lọ kọ́ kéú. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì, ihò ló kù sójú ọmọ mi. Mo lọ sọ́jà, mo ra aṣọ ìbojú dúdú, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́hàá ń lò, mo sì fi ọwọ́ ara mi so ó mọ́ ọn lórí. Bó ṣe padà wọ Ẹ̀rúnmu nìyẹn. Àwọn èèyàn ń yọ̀ fún un. Wọ́n ní, "Muhsinah, o kú oríire o, Ọlọ́run á gbà á." Àfáà Khàlíl, lèmọ́mù mọ́sáláṣí wa, tilẹ̀ fi í ṣàpẹẹrẹ nínú wáàsí wọn. Muhsinah kàn ń mi orí nínú aṣọ ni.

Ẹ sì mọ ìṣe wa. Bí èèyàn bá ṣubú lórí ọ̀kadà, kó má jù pé orúnkún bó lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n á fi máa wọ́ wá kí i kú ewu. Muhsinah bọ́ lọ́wọ́ ikú, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kí i kú ewu. Ta ló máa kí i, nígbà tí mo ti bo ewu náà mọ́lẹ̀? Èmi tí mo mọ̀ gan-an kò kí i. Bí mo bá kí i, á jẹ́ pé mo gbà pé nǹkan kan ṣe é.

Oṣù mẹ́jọ ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ó ń bá wa yan gààrí, ó jókòó sí igun, gààrí tirẹ̀ sì ń jóná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí kò gbóòórùn dáadáa mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìyá Najeem ń ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé ọkọ, pé gbogbo nǹkan ti tán.

Ibà ló gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin bíi tirẹ̀, ní kó ṣí ojú kóun lè wo ẹnu àti ahọ́n rẹ̀. Nígbà tó rí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, ó ní kó má dé e padà. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, àwọn dókítà wà nígboro Ìbàdàn tó ń tún irú èyí ṣe. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe idán. Iṣẹ́ abẹ ni." Ọjọ́ yẹn ni Muhsinah kọ́kọ́ sáré wọlé wá bá mi láti oṣù mẹ́jọ.

A lọ. Dókítà Olúwadọ̀tun ni wọ́n fi wá lé lọ́wọ́, obìnrin kékeré kan tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo imú náà títí, ó wá ṣí káàdì àtijọ́ tí a mú wá láti ọsibítù àkọ́kọ́. Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ṣubú lé ọ̀bẹ. Ojú egbò yìí kò jọ ti ẹni tó ṣubú. Ta ló gé e?" Muhsinah kò wo dókítà. Èmi ló ń wò. Ó ń dúró dè mí kí n tún parọ́, ẹ gbọ́ mi? Ó ti múra sílẹ̀ fún un! Mo ní, "Dókítà, èmi ni mo parọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ ló gé e." Muhsinah bú sẹ́kún, àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ. Obìnrin kan tó ń ṣètọ́jú àwọn tí ọkọ ń lù ní ọsibítù náà ló mú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú Najeem, wọ́n gba onídùúró rẹ̀, wọ́n sì dájọ́ tí ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù.

Dókítà ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa. Wọ́n á gé awọ kan sílẹ̀ níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní já a tán. Wọ́n á yí i wálẹ̀, wọ́n á sì fi ṣe imú. Ìdí awọ náà á ṣì so mọ́ àárín ojú méjèèjì, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á máa gbà dé imú tuntun títí ara á fi gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá já a. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, nǹkan kan kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo béèrè pé, "Aṣọ ìbojú ńkọ́?" Dókítà ní, "Màmá, bí aṣọ bá tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, imú yẹn máa kú. Bó bá kú, awọ iwájú orí tí a gé ti ṣòfò nìyẹn, a ò sì mọ ibi tí a tún máa mú òmíràn." Ó ní bó bá dúdú, tàbí bó bá tutù, ká sáré wá lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ṣe é. Nígbà tí mo rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n má tàn yín, ẹ̀rù bà mí. Ẹran kan so kọ́ láti iwájú orí dé imú bí okùn korobá. Ìyá arúgbó kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì nawọ́ kí i, ó ní, "Ọmọ mi, o kú ewu o." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló mú Muhsinah sunkún. Ó ní, "Ìyá mi, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi kú ewu." Mo la ẹnu láti kí i. Ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo tún tò dípò bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má sunkún, kí omi ojú má ba iṣẹ́ dókítà jẹ́.

A padà sí Ẹ̀rúnmu, mo tì í mọ́ yàrá. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, màá fi ẹ̀yìn ìka kan imú náà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá ní, "Àlíhámúdù lílàhì." Tí mo bá ń lọ síbi gààrí, ọkàn mi kì í kúrò nílé.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà bọ́ sí Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, mo gbọ́ àsàlámù àlékùn níta. Àfáà Khàlíl ló ṣáájú. Ìyá Najeem tẹ̀lé wọn, Safwan, ẹ̀gbọ́n Najeem, tẹ̀lé e, Najeem fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe ti Àfáà ni, omi gbígbóná ni ǹ bá fi pàdé wọn. Najeem dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí pálọ̀ mi. Kò dìde. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún ní yàrá, mo mọ̀ pé Muhsinah ti gbọ́ ohùn wọn, ó ti dìde jókòó.

Safwan bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀."

Mo ní, "Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eyín wo lo rí tó gé ahọ́n sọ sí ààtàn?"

Àfáà ní, "Fàtímọ̀, ẹ ṣe sùúrù. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn tọkọtaya yìí sọ̀rọ̀ líle síra wọn, pé ọlọ́pàá ti wá dá sí i. Ẹ jẹ́ ká fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Mo wo Àfáà, mo rí i pé wọn kò mọ nǹkan kan. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Èmi ni mo sọ pé kéú ni ó lọ kọ́.

Ìyá Najeem tú ọ̀rá kan. Aṣọ ìbojú tuntun ló wà níbẹ̀, ó ń dán. Ó ní, "Láti Mẹ́kà ni wọ́n ti bá mi rà á. Ọjọ́rú ni kóòtù. Kí ìyàwó wa wọ èyí, kó bá wa lọ sílé lónìí, kó sì sọ fún adájọ́ pé àṣìṣe ni. Ta ló máa rí nǹkan? Kí ẹ sì wò ó, aṣọ yìí ti sọ ọ́ di èèyàn pàtàkì láàárín ìlú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Ẹwà! Wàláì, ojú mi ṣókùnkùn. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ tí yóò dún un dé egungun nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Muhsinah jáde. Kò bo nǹkan kan. Ó dúró síwájú wọn pẹ̀lú awọ tó so kọ́ lójú rẹ̀. Safwan yíjú kúrò. Àfáà ní, "Sùbúhánàlláì." Najeem kò gbé orí sókè nílẹ̀.

Ìyá Najeem fò dìde. "Bo ojú ẹ! Bo ojú ẹ, Àfáà wà níbí!" Ó da aṣọ náà bò ó lórí, ó fà á sẹ́yìn kó lè so ó. Muhsinah pariwo, "Ó ń tẹ̀ ẹ́! Ìyá mi, ó ń tẹ̀ ẹ́!" Mi ò tètè gbéra. Ẹ má bínú sí mi: èmi náà ti so irú aṣọ yìí bẹ́ẹ̀ rí, ibi kan náà, lẹ́yìn orí kan náà. Ohùn rẹ̀ ló jí mi. Mo já aṣọ náà gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mo fà á ya sí méjì, mo sì tì í, ó jókòó sórí àga láìfẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń sun ní ìdí imú.

Àfáà ti dìde. Ohùn wọn kò sókè rárá. "Ta ló ṣe èyí?"

Muhsinah ní, "Najeem ni, Àfáà. Ó fi ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ gé e nítorí mo rẹ́rìn-ín."

Àfáà ní, "Mo fi ọmọ yìí ṣàpẹẹrẹ nínú wáàsí. Àṣé ẹ̀sìn ni ẹ fi bo egbò mọ́lẹ̀." Wọ́n yíjú sí Najeem. "Dìde. Kì í ṣe èmi lo máa dọ̀bálẹ̀ fún. Lọ dúró níwájú adájọ́." Wọ́n wá ní kí n gbé Muhsinah, pé ọkọ̀ wọn wà níta.

Ọkọ̀ Àfáà ti gbó, ọ̀nà Ìbàdàn sì jìnnà lọ́jọ́ yẹn. Muhsinah jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú mi. Imú náà ti ń pọ́n dúdú. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ kàn án. Ṣé ó ti tutù?" Mo kàn án. Ó ti tutù. Ẹnu mi ti là láti ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́; irọ́ ti mọ́ ọn lára. Mo ní, "Ó ti tutù, ọmọ mi." Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí a fi dé.

Dókítà Olúwadọ̀tun tú okùn méjì tí wọ́n fi rán an. Ẹ̀jẹ̀ dídì kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ kúrò. Ó fi ìka tẹ imú náà, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo ń wo ojú dókítà nítorí mi ò lè wo imú. Ó wá ní, "Màmá, ẹ fi ẹ̀yìn ìka yín kàn án." Ó ti ń lọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, Muhsinah lọ sí kóòtù láìbojú. Lọ́yà Najeem mú káàdì ọsibítù àkọ́kọ́ jáde, ó ní ṣebí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ṣubú. Mo dìde, mo sọ fún adájọ́ pé ẹnu mi ni irọ́ yẹn ti jáde, pé ojú ayé ló mú mi pa á. Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Najeem ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò lè sún mọ́ ilé mi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n já awọ náà. Àpá wà níwájú orí rẹ̀, imú náà sì tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò ṣóńṣó mọ́. Ó ń mí dáadáa.

Ọjọ́ tó padà síbi gààrí, gbogbo wa mẹ́jọ ti wà nídìí iná. Ó rìn wọlé, ojú rẹ̀ hàn gbangba. Igbá dúró lọ́wọ́ oníkálùkù. Fàdìlàt, tó ń yan gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní, "Muhsinah, o kú..." ó sì dákẹ́. Kò mọ èyí tó máa kí i, oríire ni àbí àárọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí èmi tí mo lẹ́nu.

Mo gbé igbá sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tí mo tọ́, nínú eérú, lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò kọ́ kéú kankan. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ pa á, ọlá Ọlọ́run ni kò kú, èmi ni mo sì fi aṣọ bò ó. Muhsinah, o kú ewu. Ó yẹ kí n ti kí ọ lọ́jọ́ náà gan-an."

Ó sáré fà mí lápá. "Ẹ dìde, ìyá mi, ẹ má ṣe mí báyìí." Mi ò dìde. Òun náà wá kúnlẹ̀ tì mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Fàdìlàt ló kọ́kọ́ tẹ̀lé mi. "O kú ewu, Muhsinah." Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́ pa ẹ̀rọ, ó wá. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ará ọjà ti gbọ́, wọ́n ń wọ́ bọ̀ nílé mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ẹ̀rúnmu fi wá kí i.